Ẹni Tí Ń Dúró Nínú Gọ́tà

Nígbà òjò, bàbá mi máa ń kúrú. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn wa. Wọ́n á tẹrí ba díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti kún òpópónà wa ní Ajégúnlẹ̀, tí àwọn ilé dúró jẹ́ẹ́ sínú rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi tí ń retí àyè ní èbúté Apápá, bàbá mi á kúrú, ojú wọn á wá ṣe déédéé ojú mi. Mo máa ń rò pé òjò ni ó ń fà wọ́n sílẹ̀, bí ó ṣe ń fa aṣọ tí a sá sórí okùn sílẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí i. Ìgbà yẹn nìkan ni mo lè wo bàbá mi lójú láìgbé ọrùn sókè.

Mo ti dàgbà díẹ̀ kí ó tó yé mi pé bàbá mi kò kúrú. Inú gọ́tà ni wọ́n ń dúró.

Kí ó lè yé ẹni tí kò mọ àdúgbò wa, n ó sọ bí ibẹ̀ ṣe rí gan-an. Gọ́tà ńlá kan dábùú ẹnu òpópónà wa. Ẹ̀yìn wa, kánáà ni. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tí yóò bá jáde sí títì, ìbáà jẹ́ ọjà ni ó ń lọ, tàbí ibi iṣẹ́ ní Apápá, tàbí ilé ìwé, àfi kí ó gba orí gọ́tà yìí. Sílábù ni wọ́n fi bò ó tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, trélà kan tí ìdúró ti sú ní Coconut, níbi tí àwọn trélà ti máa ń tò lẹ́yìn ara wọn de èbúté, yà wọ òpópónà wa, ó ní òun ń wá ọ̀nà àbùjá. Kò rí ọ̀nà àbùjá; sílábù ni ó rí fọ́. Àdúgbò tún un ṣe, trélà mìíràn tún wá fọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, ẹyọ sílábù kan ṣoṣo ni ó kù, kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn kan tí a tẹ́ sílẹ̀ lọ. Ihò wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ihò wà lápá òsì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, omi á bo òpópónà, á bo sílábù, á bo ihò, gbogbo wọn á di àwọ̀ kan náà, àwọ̀ tíì tí a bu mílíìkì díẹ̀ sí.

Bàbá mi á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n á fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá sílábù náà nínú omi, wọ́n á rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò apá òsì bí ènìyàn bá kọjú sí títì, wọ́n á sì dúró. Omi tí ó dé orúnkún wa á dé àyà wọn. Àwa á wá máa rìn lọ sọ́dọ̀ wọn. Kò sí ẹni tí ó ń wo ilẹ̀. Bàbá mi ni gbogbo wa ń wò. Bí o bá ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ wọn á ti nà sí ọ, wọ́n á fi ọ́ lé orí sílábù, wọ́n á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa lọ." O ti kọjá nìyẹn.

Kò sí ẹni tí ó yàn wọ́n síbẹ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, "Ṣebí mo kúkú ga."

Nínú ọpọlọ mi, àárọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn. Ojú ọ̀run dúdú díẹ̀, fèrè ọkọ̀ ojú omi ń dún láti ọ̀nà Apápá, ó ń dún wọ inú omi ẹsẹ̀ wa bí ẹni pé láti ìsàlẹ̀ ni ohùn náà ti ń bọ̀. Sálúbàtà kan léfòó kọjá, kò sí ìkejì rẹ̀. Ẹnì kan gbé rédíò sí etí, ẹnì kan gbé bàtà kọ́ ọrùn. Ọsàn kan ń bọ̀ wá láti ibi tí a kò mọ̀, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, ó kan àyà wọn, ó dúró bí ẹni pé òun náà fẹ́ kí wọ́n mú òun kọjá. Bàbá mi mú un, wọ́n nù ún mọ́ èjìká aṣọ wọn, wọ́n jù ú sí mi. Mo hán an. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọsàn náà dùn, nítorí Dẹ́tọ́ọ̀lù ni àbúrò mi ní kí n fi fọ̀ ọ́ kí n tó jẹ ẹ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́yìn ni bàbá mi ti wá sí Èkó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn nìkan ni wọ́n sì tọ́ èmi àti àbúrò mi. Wọ́n kọ́ irun dídì. Mo ń sọ òtítọ́: wọ́n jókòó ti obìnrin onídìrí kan lẹ́bàá ilé wa, wọ́n ń wo ìka rẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í di irun mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìlà wọn kì í gún. Tíṣà mi bi mí ní ọjọ́ kan pé, "Ta ni ó di irun yìí fún ọ?" Mo ní bàbá mi ni. Tíṣà náà wò ó lọ títí, ó ní, "Ó le dáadáa. Kò ní tú." Òótọ́ ni, kò tú. Ojú máa ń fà mí títí di ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tí mo lọ́kọ, mi ò jìnnà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kirikiri, ní ọgbà ńlá tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí, a sì gba yàrá sí ilé bàbá mi gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti bí ọmọ mi obìnrin. Láti ìgbà tí mo ti bí i ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹ̀rù iná, ẹ̀rù kànga, ẹ̀rù trélà, ẹ̀rù egungun ẹja. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀rù ihò yẹn. Ní gbogbo ìgbà òjò, bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ bàbá mi nínú omi, n ó ní, "Ẹ gbé e, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọmọ yìí ti tó rìn."

"Ẹ ṣáà gbé e, Bàbá."

"Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé kí n gbé ọ kún un?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn á rẹ́rìn-ín. Bàbá mi á gbé e, wọ́n á fi kọ́ èjìká, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ sí òdìkejì bí ẹni ń sọ ẹyin kalẹ̀. Wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á ní, "Ọmọ tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn o." Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé e náà. Ní ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn débi pé ó ń wọ́ nínú omi, wọ́n ṣì ń gbé e nítorí pé mo ní kí wọ́n gbé e.

Àkókò ọyẹ́ ni bàbá mi kú. Kò sí omi kankan ní àdúgbò nígbà náà. Eruku bo gbogbo nǹkan, sílábù wà ní gbangba, àwọn ọmọdé ń fò lórí rẹ̀. Àwọn ará Warehouse Road ṣì máa ń pe bàbá mi bí wọn kò bá mọ ibi tí ẹrù kan wà, Bàbá sì ti lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ yẹn. Wọ́n dé ní ọ̀sán, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n ní kí ọmọ mi bu omi tútù wá fún àwọn.

Mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ń fọ aṣọ. Mo gbọ́ ohùn wọn nígbà tí wọ́n ń béèrè omi náà. Ohùn ẹni tí nǹkan kan kò ṣe ni. Nígbà tí mo fọ aṣọ tán, tí mo gbé bàsíà jáde láti wá sá a, mo bá ọmọ mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá àgbà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi dání, ó ń wo ojú wọn.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mọ́mì, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà ń sùn. Mi ò fẹ́ jí wọn."

A ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í jí àgbà lójú oorun. A tún ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í dìde kí àgbà tó gba ohun tí ó gbé wá. Ó pa òfin méjèèjì mọ́. Ó ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí omi inú ife fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ṣì wà ní ẹsẹ̀ bàbá mi.

Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó pariwo. Mi ò mọ ìdí tí mo fi kọ́kọ́ gba ife.

Àdúgbò kún. Mẹkáníìkì kan, ará Warri, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní títì, dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó di orí mú, ó ń sọ pé, "No be this Baba greet me this morning? No be this same Baba?" Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ náà nìyẹn, ní oríṣiríṣi èdè: mo rí wọn ní àárọ̀ yìí. Bí ẹni pé bí ènìyàn bá ti rí ọ ní àárọ̀, o ti ṣe ìlérí láti dé ìrọ̀lẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìlànà Mùsùlùmí. Ó yá kánkán débi pé aṣọ tí mo fọ̀ ṣì tutù nínú bàsíà nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọjọ́ wá dà bí ohun tí a ń wò láti abẹ́ omi. Ẹnu àwọn ènìyàn ń mì, ohùn wọn ń pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ń lá àlá bàbá mi. Nínú àlá náà, ilẹ̀ gbẹ táútáú, kò sí òjò, síbẹ̀ wọ́n dúró sínú ihò títí dé àyà, wọ́n na ọwọ́ jáde, kò sì sí ẹni tó ń kọjá. N ó fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n jáde, pé ẹ̀ẹ̀rùn ni, ṣùgbọ́n nínú àlá yẹn, èmi ni mo gbé ife dání.

Ìbẹ̀rù mi pọ̀ sí i. Bí ọmọ mi bá sùn ní ọ̀sán, n ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí abẹ́ imú rẹ̀ títí yóò fi jí, tí yóò sì bínú. Mo ń mú un lọ sí ilé ìwé, n ó sì jókòó sí ẹnu géètì. Tíṣà rẹ̀ wá bá mi ní ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́. A ò ní jẹ ọmọ yín." Mo lọ. Mo dé ẹ̀yìn ògiri, mo dúró síbẹ̀.

Ọmọ mi ti wà ní kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ sẹ́kọ́ńdírì ń bọ̀, ilé ìwé kan ní Apápá sì ni wọn yóò ti ṣe é. Ẹni tí kò bá wá ní ọjọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ti ṣètò gbogbo rẹ̀: èmi ni n ó mú un lọ, n ó jókòó sí ẹnu géètì, n ó sì mú un bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè ṣètò. Òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Alága àdúgbò wa, bàbá arúgbó kan tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ó sì ń fi ọ̀pá rìn, pe ìpàdé. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ihò yẹn gba ènìyàn nítorí pé Bàbá kò sí mọ́. Gbogbo wa gbà. Wọ́n ní kí a ri ọ̀pá ọparun mọ́ ibi tí Bàbá máa ń dúró gan-an, kí a so aṣọ pupa mọ́ ọn lórí, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. A tún gbà. Ẹnì kan tilẹ̀ sọkún. Àwọn ọkùnrin wá ọparun tó ga, wọ́n wọ inú ihò ní ọjọ́ tí omi kò sí, wọ́n fi òkúta àti sìmẹ́ńtì rì í mọ́lẹ̀. Ó dúró ṣinṣin. Ó dára lójú. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i láti òkèèrè, àyà mi já, nítorí ó ga tó bàbá mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, omi kún. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó sì dá nígbà tí ojú ọ̀run ń funfun. Ọkọ mi wà ní Kirikiri, omi dá a dúró sí ibi iṣẹ́. Mo di ìwé ọmọ mi sínú lọ́rà, mo tún fi lọ́rà mìíràn bò ó: bírò, pẹ́ńsùlù, ìrésà, fọ́tò pélébé rẹ̀. A jáde. Ojú omi dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ kékeré kékeré láti ojú fèrèsé. Nígbà tí a dé ẹnu òpópónà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan wà nínú wọn, gbogbo wọn kọjú sí aṣọ pupa tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí omi. Alága wà lórí àkàsọ̀ ilé kan lẹ́bàá ibẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe.

"Ẹ máa lọ! Ẹ má bẹ̀rù! Bàbá ń bẹ níbẹ̀!"

Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó kọ́kọ́ lọ. Búrẹ́dì ni ó ń tà ní Apápá, a jọ lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ni, bàbá mi sì ti mú un kọjá gọ́tà yìí láti kékeré. Ó ru àtẹ búrẹ́dì tí ó fi lọ́rà bò sórí. Ó ń rìn lọ bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, kò wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ wà lórí aṣọ pupa. Mo rí i bí ó ṣe na ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sínú ihò títí dé abíyá.

Ariwo sọ. Àwọn ọkùnrin sáré dì í mú, wọ́n fà á jáde. Àtẹ búrẹ́dì ṣì wà lórí rẹ̀, kò mì.

"Ta ni ó rán ọ sí ibi ọ̀pá?" Alága ń pariwo. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ni ọ̀nà wà! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ ní Bàbá ń bẹ níbẹ̀!" Omi ń ro lára ọ̀rẹ́ mi tó, tó, tó. "Mo na ọwọ́ sí i, kò na ọwọ́ sí mi!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín débi pé ẹlòmíràn di inú mú. Nígbà tí ẹ̀rín náà ń tán lọ, mo rí i pé kò sí ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ mi ni ó ṣe gbogbo wa. A mọ̀ pé ihò ni ibi tí ọ̀pá wà, àwọn tó rì í mọ́lẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí a ti dáyé, ibi tí Bàbá bá wà ni ẹsẹ̀ wa ń lọ. Àwọn ni wọ́n ń fi wá lé sílábù. Kò sí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a rí.

"Ènìyàn ni kí ó dúró síbẹ̀," ẹnì kan sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ènìyàn ni."

Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan wọ aṣọ iṣẹ́ èbúté, ó ní bí òun bá pẹ́, wọ́n á ti géètì mọ́ òun. Ọ̀kan ń lọ gba oògùn ìyá rẹ̀. Ọ̀kan ní òun ì bá dúró, pé ọ̀la ni òun ó dúró. Wọn kò purọ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni ó ń lọ sí ibì kan. Ohun tó gbé wa dé ibẹ̀ nìyẹn. Alága nìkan ni kò lọ sí ibì kankan, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbà.

Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ mi. "Gun ẹ̀yìn mi."

"Mọ́mì!"

"Gùn ún, mo ní."

"Mọ́mì, mo ti fẹ́ ga tó yín. Ẹ wo àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò."

Ọ̀rẹ́ mi, tí ń fún omi kúrò lára ìró, sọ pé, "Bí o bá gbé e, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ wọ̀ ọ́. Ṣé o mọ ibi tí sílábù wà ni?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi wò mí. Ó gbé lọ́rà ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Ilẹ̀ ń mọ́ sí i. Mo rò pé kí n mú un padà sílé. Kí ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá mi wí; wọ́n á ní omi ni. Mo tilẹ̀ ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ti yíjú sí ọ̀nà ilé, kí n tó rí i pé ó ti ń bá mi bọ̀ láìjanpata, bí ọmọ tí ó lè kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí omi yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo yí padà sí ẹnu òpópónà, mo fún un ní sálúbàtà mi. Mo di ìró mi le. Mo rìn lọ sí ibi aṣọ pupa, mò ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí mo ṣe ń lọ, títí mo fi rí etí sílábù. Ó há, ó sì mú bí eyín. Mo di ọparun mú, mo rọra sọ̀ kalẹ̀.

Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé omi inú ihò náà ń fa ènìyàn. Láti òkè, omi náà dà bí ẹni pé ó sùn. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ pẹ̀lú agbára sí ọ̀nà kánáà, ó ń fa ẹsẹ̀ mi bí ọmọ tí ń fa aṣọ ìyá rẹ̀. Ó tutù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀fun mi, nítorí mi ò ga. Nǹkan rírọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, n kò fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ojú bàbá mi kò fi hàn rí pé omi kan ń fà wọ́n.

Mo na ọwọ́. "Máa bọ̀. Èmi ni kí o máa wò."

Ọmọ mi wá. Ó di ọwọ́ mi mú, mo fi í lé sílábù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gba iwájú ojú mi kọjá, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ó ṣe ń gbé e jáde nínú omi, ọ̀tún, òsì, ó sì bọ́ sí òdìkejì.

"Dúró dè mí níbẹ̀," mo ní.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n jáde kí n sì máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú búrẹ́dì lórí. Bí ó ṣe kọjá ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dì í mú, lẹ́yìn rẹ̀ òmíràn, lẹ́yìn rẹ̀ obìnrin kan tó pọn ọmọ. Mo yọjú wo ẹ̀yìn wọn. Ìlà náà ti dé iwájú ilé Alága, àwọn ènìyàn ṣì ń yọ láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń ká ṣòkòtò sókè.

"Mọ́mì," ọmọ mi pè láti òdìkejì, "àwọn yòókù ti ń lọ."

"Jẹ́ kí ó máa bá mi lọ," ọ̀rẹ́ mi ní. "Ẹnu géètì ilé ìwé yẹn ni mo ń gbà kọjá. N ó rí i kí ó wọlé."

"Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú!"

"Èmi ni mo ṣubú. Búrẹ́dì kò ṣubú. Ṣé o rí i kí búrẹ́dì ṣubú?"

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi ìdí tí bàbá mi kò fi mú wa dé ilé ìwé rí ní ọjọ́ òjò. Ní ọjọ́ oòrùn, wọ́n ń mú wa lọ. Ní ọjọ́ òjò, tí ọ̀nà léwu jù, wọ́n á fi ọwọ́ wa sílẹ̀ níbí, èmi àti àbúrò mi á sì máa lọ. Wọ́n á dúró máa wo ẹ̀yìn wa, ọwọ́ ẹlòmíràn á ti wà nínú ọwọ́ wọn.

"Máa lọ," mo sọ fún ọmọ mi. Mo tún un sọ.

Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà, ó kó sálúbàtà mi jọ sí etí títì níbi tí omi kò dé, ó kọ orí wọn sí ibi tí mo wà, ó sì bá ọ̀rẹ́ mi lọ. Fèrè ọkọ̀ kan dún ní Apápá. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń rìn kíákíá. Mo rántí pé mi ò tíì sọ fún un pé kí ó ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn, pé kí ó má mu omi ẹnikẹ́ni, pé kí ó máa rìn ní apá tí trélà kò sí. Wọ́n fẹ́ yà lórí títì, kí n má rí wọn mọ́. Mo la ẹnu láti pè é, ọwọ́ wúwo kan sì bà lé èjìká mi.

"Ẹ má tíì jáde o," ọkùnrin aláṣọ èbúté náà ní, ó ń fi ẹsẹ̀ kan wá sílábù. "Ìyá mi ń bọ̀ lẹ́yìn, wọn ò sì ríran dáadáa."